Wọ́n ti ọmọ mi mọ́ àhámọ́ ọmọdé ní Chicago: ṣé á ṣì máa kàwé, ṣé nǹkan ò ní ṣe é níbẹ̀?

Ìyá kan tó ń gbé ní Chicago ló kọ̀wé sí mi. Ọlọ́pàá mú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, l'Ọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú mọ́tò tí kì í ṣe tiwọn, adájọ́ sì ní kó ṣì wà ní àhámọ́ di ọjọ́ míì. Iléèwé ìjọba ní Chicago ni ọmọ náà ń lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá sọ fún màmá pé ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé tó wà nínú àhámọ́ yẹn. Màmá bá gba orí Google lọ, ó rí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó rí i pé ọmọ dúdú ló kún ibẹ̀, ó rí i pé òfìfo ni ibi tó yẹ kí wọ́n kọ máàkì ìdánwò sí, ni àyà ẹ̀ bá já. Ohun tó béèrè rèé: "Ṣé iléèwé gidi ni àbí wọ́n kàn ń kó wọn jókòó? Ṣé kí n lọ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò níléèwé tó wà tẹ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní lu ọmọ mi pa síbẹ̀?"

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tó lè kó yín sí wàhálà lọ́la: ẹ má lọ yọ orúkọ ẹ̀ níbì kankan o. Ẹni yòówù kó ní kẹ́ ẹ wá sáìn fọ́ọ̀mù pé ẹ ti mú ọmọ kúrò níléèwé, ẹ ní ẹ ò tíì sáìn, ẹ ní ẹ fẹ́ bá lọ́yà ọmọ yín sọ̀rọ̀ ná. Iléèwé inú àhámọ́ yẹn, Nancy B. Jefferson lorúkọ ẹ̀ (alákitiyan obìnrin kan ní West Side ni wọ́n fi sọ ọ́), kì í ṣe iléèwé àwọn wọ́dà, Chicago Public Schools (CPS) ló ni ín, àwọn náà ló ń gba tíṣà síbẹ̀, àwọn kan náà tó ni iléèwé tọ́mọ yín ti ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbé e fún ọwọ́ òsì. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é parí, ẹ ò ní fọ́ọ̀mù kankan láti máa sáré kiri. Ká ní iléèwé àdáni ló ń lọ ni, tàbí pé ẹ̀ ń gbé lọ́hùn-ún bíi Matteson tí iléèwé wọn kì í ṣe ti CPS, ìyẹn á gba kẹ́ ẹ fúnra yín pè wọ́n kí wọ́n fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn àgbà Chicago ṣì ń pe àhámọ́ tí ọmọ yín wà yẹn ní Audy Home o, tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ará ibiṣẹ́ yín, ẹ má rò pé ibòmíì ni wọ́n gbé e lọ.

Iye akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ rí yẹn ńkọ́? Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka ọmọ níléèwé níbí, CPS máa ń ka tiwọn nígbà tí iléèwé bá pé ogún ọjọ́ tó wọlé, ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois náà ń ka tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Fún iléèwé tí ọmọ ń wọ̀ ní Ọ̀gọ́ọ̀sì tó ń ti ibẹ̀ jáde ní Júùnù, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àhámọ́ ò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ kan dé lónìí ó lọ lọ́túnla, òmíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tí ẹ̀sùn wọn wúwo débi pé wọ́n ń bá wọn ṣẹjọ́ bí àgbàlagbà lè wà níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Kéèyàn ka irú iléèwé yẹn lọ́jọ́ kan, ó dà bíi kó lọ sí gáréèjì Ọjọ́ta láago méje àárọ̀, kó ka àwọn tó ń dúró de mọ́tò, kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye èèyàn tó ń wọ mọ́tò l'Ọ́jọ́ta lọ́dún nìyẹn. Ohun tó fa òfìfo tẹ́ ẹ rí níbi máàkì náà kò jìnnà síyẹn. Ọmọ tó jókòó ṣèdánwò ní Épírì kọ́ ló wà níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí àwọn tó ṣèdánwò bá sì kéré jù, wọ́n máa ń fi máàkì pamọ́ káráyé má baà dá ti ẹnì kan mọ̀.

Ti ọmọ dúdú tó kún ibẹ̀, ojú yín ríran, bó ṣe rí káàkiri Amẹ́ríkà nìyẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù nìyẹn ju ọ̀rọ̀ tíṣà lọ. Iye tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé lọ́dún 2000, tí wọ́n bá ka àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àtìmọ́lé ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lọ́jọ́ kan, wọ́n lé ní 100,000, àmọ́ nígbà tó fi máa di 2022 wọn ò tó 30,000 mọ́. Àyè wá gbà ju tàtijọ́ lọ, kíláàsì ò kún bíi tàtijọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, nígbà tí adájọ́ bá ti ń dá àwọn tí ẹjọ́ wọn fúyẹ́ padà sílé, àwọn tó kù síbẹ̀ á jẹ́ àwọn tí tiwọn le díẹ̀.

Bí kíláàsì ṣe rí rèé. Èmi fúnra mi kọ́ ìṣirò nínú irú iléèwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ní ìpínlẹ̀ míì, kí n tó wá di ẹni tó ń bá àwọn òbí tọpa ìwé ọmọ. Iléèwé gidi ni o, tíṣà tó ní sátífíkéètì, ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì, ìtàn. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́dà níwájú wọ́dà lẹ́yìn, wọ́n á ka pẹ́ńsùlù fún wọn wọ́n á sì kà á padà kẹ́nikẹ́ni tó dìde, tí ẹyọ kan bá sọnù ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, gbogbo wa á jókòó di ìgbà tá a bá rí i. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, bí wọ́n ṣe pín wọn sí ibùsùn ni wọ́n ṣe ń pín wọn sí kíláàsì, kì í ṣe bí grédì wọn ṣe rí, nítorí náà ọmọ grédì 8 lè jókòó ti ọmọ grédì 11, tíṣà kan náà á máa kọ́ àwọn méjèèjì ní nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti rí ọmọ tí ò fọwọ́ kan ìwé fún ọdún méjì níta tó wá jókòó kàwé níbẹ̀ torí pé kò ríbi sá lọ, mo sì ti rí ọmọ tó gbọ́n tó lo oṣù kan lórí iṣẹ́ tó ti ṣe parí lọ́dún tó kọjá torí pé ìwé ẹ̀ ò tètè dé. Ohun tó ń ba iléèwé àhámọ́ jẹ́ ni pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́, tàbí bí òṣìṣẹ́ ò bá tó, wọ́n lè ti gbogbo wọn mọ́ yàrá láàárọ̀, ká wá máa fún wọn níṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Fún ìdí èyí, tẹ́ ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, ẹ má bi í pé ṣé o ń kàwé, á ní bẹ́ẹ̀ ni mọ́mì. Ẹ bi í pé: wákàtí mélòó lo lò ní kíláàsì lánàá? Tó bá ní òun ò lò tó wákàtí kan, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta léra, ẹ sọ fún lọ́yà ẹ̀.

Wàyí o, ohun kan wà tí àwọn òbí wa kì í fẹ́ sọ. Ṣé ọmọ yín ní IEP, ìwé tí iléèwé fi ń kọ ìrànlọ́wọ́ pàtàkì tí ọmọ nílò láti kàwé sílẹ̀? Mo mọ bá a ṣe ń ṣe, wọ́n á ní ọmọ yìí nílò ìrànlọ́wọ́ níléèwé, a ó ní ká má rí i, ọmọ tiwa ò ya dìndìnrìn, a ó ká ìwé náà sínú báàgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ síta. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe jáde ní 2005 rí i pé tá a bá pín àwọn ọmọ tó wà ní irú ibẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, bí ìdá kan nínú wọn ló ní irú ìwé yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú rárá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní ìrànlọ́wọ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà àhámọ́, iléèwé tó gba ọmọ gbọ́dọ̀ máa fún un ní irú èyí tó ń rí gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà ẹ̀ kan fún iléèwé, ẹ̀dà kan fún lọ́yà. Yàtọ̀ sí pé á ràn án lọ́wọ́ nínú ìwé, ọmọ tí àṣẹ kì í tètè yé, tí wọ́n bá pariwo mọ́ ọn tí kò tètè dìde, wọ́dà lè rò pé agídí ló ń ṣe.

Ibẹ̀ ló mú mi dé ìbéèrè yín tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀rù tó ń bà yín ò wá lásán. Cook County yín yìí náà ni wọ́n ti dá kóòtù àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ lágbàáyé sílẹ̀ ní 1899, torí kí wọ́n má baà máa ti ọmọdé mọ́ àárín àgbàlagbà ọ̀daràn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ẹ̀, ní 1999, àwọn lọ́yà ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, gbé àhámọ́ yín yìí gan-an lọ kóòtù ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ọmọ ti pọ̀ jù níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ń lù wọ́n, ìtọ́jú ìlera ò dáa. Wọ́n ṣàdéhùn, àdéhùn ò ṣiṣẹ́, ni adájọ́ bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará county ní 2007, ó gbé e lé ọ̀gbẹ́ni Earl Dunlap lọ́wọ́, kò sì bọ́ sábẹ́ ọ́fíìsì Chief Judge tó wà báyìí títí di 2015. Ohun tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé ojú ti wà lára ibẹ̀ tipẹ́, lọ́yà mọ̀ ọ́n, adájọ́ mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹjọ́ nǹkan sùn, ẹ ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, wọn ò sì ní wò yín bíi wèrè.

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní PREA, 2003 ni wọ́n ṣe é, ìlànà ẹ̀ jáde ní 2012, ti ìfipábánilòpọ̀ àti ìfọwọ́kanni nínú ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní tójúmọ́ bá mọ́, òṣìṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ máa wo ju ọmọ 8 lọ, tí wọ́n bá sùn, òṣìṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ wo ju 16 lọ. Láàárín wákàtí 72 tọ́mọ dé, wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi mọ ẹni tó yẹ kó sùn nítòsí ẹ̀. Ṣé òfin yìí ṣiṣẹ́? Díẹ̀díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ máa ń bi àwọn ọmọ tí wọ́n ti dájọ́ fún, tó wà ní ibi tí wọ́n ń gbé pẹ́, ní bòókẹ́lẹ́: ní 2012, ìdá 9.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹnì kan ti ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ sáwọn láàárín ọdún tó kọjá. Ní 2018 ó ti di 7.1. Ó dín kù, àmọ́ ọmọ méje nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ òrùlé ìjọba, ta ló fẹ́ kí tiẹ̀ wà nínú méje? Ẹ sì gbọ́ o, púpọ̀ nínú wọn ò dárúkọ ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n dárúkọ. Nítorí náà tí ọmọ bá ní wọ́dà kan fẹ́ràn òun jù, ó ń mú nǹkan wá fóun ní kọ̀rọ̀, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, ẹ pe lọ́yà.

Ti kí wọ́n ti ọmọ mọ́ yàrá lóun nìkan, Illinois ti ní òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2024, wọn ò gbọ́dọ̀ ti ọmọdé mọ́ yàrá lóun nìkan láti fi jẹ ẹ́ níyà tàbí torí pé òṣìṣẹ́ ò tó. Tó bá sọ fún yín pé wọ́n ti òun mọ́lé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi èmi, ohun tó ń pa ọmọ lára jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Ìrònú ni, àti oògùn tí ò bá a débẹ̀. Tó bá ti ṣe ara ẹ̀ ní nǹkan rí, tàbí tó ti sọ ọ́ lẹ́nu rí pé òun ò fẹ́ gbé ayé mọ́, kì í ṣe ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa bo àṣírí rèé, ẹ pe ibẹ̀ lónìí, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ọ̀sì tàbí àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ, ẹ sọ ọ́, ẹ gba orúkọ ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún. Tó bá ní asíímà, ẹ sọ. Tó bá jẹ́ SS tàbí SC ńkọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọ́dà tí ò mọ sìkùlù lè rò pé ọmọ tó ń yí mọ́lẹ̀ pé egungun ń dun òun ń díbọ́n láti má lọ kíláàsì ni.

Ẹ máa lọ wò ó. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ lọ, kódà tẹ́ ẹ bá ní láti yí ṣífìtì padà. Mo ti rí i títí mo fi gbà á gbọ́ pé ọmọ tí èèyàn ń wá wò, wọn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ọrùn, ẹ wo ọwọ́, ẹ wo bó ṣe jókòó. Ẹ bi í pé ta lẹ jọ ń jẹun, ta ló sùn sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ, wọ́dà wo lo lè bá sọ̀rọ̀. Tí ò bá rí ẹnì kankan dárúkọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Lórí fóònù, ẹ má sọ̀rọ̀ ẹjọ́ o! Wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má bi í pé ta ló jí mọ́tò, ẹ má ní kó ṣàlàyé. Ẹ sì má rò pé tẹ́ ẹ bá fi Yorùbá sọ ọ́ ẹ ti mú un jẹ, wọ́n lówó tí wọ́n á fi wá ògbufọ̀, Chicago ni ẹ wà, ọmọ Ìbàdàn mélòó ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ dọwọ́ lọ́yà. Láti 1967 ni Supreme Court ti sọ ọ́ pé ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà, tẹ́ ò bá lówó ẹ̀, Public Defender á dúró fún un. Ọmọ ni lọ́yà náà ń ṣiṣẹ́ fún ṣá, kì í ṣe ẹ̀yin, tó bá ní òun ò lè sọ nǹkan kan fún yín, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí. Àwọn òbí wa kan, tí adájọ́ bá bi wọ́n pé ṣé kí n dá ọmọ yìí padà sílé, wọ́n á dìde, wọ́n á ní rárá o, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀, kójú ẹ̀ já a. Ó yé mi, ilé la ti kó o wá. Lọ́dọ̀ wa òbí lè fúnra ẹ̀ mú ọmọ tó yàyàkuyà lọ sí borstal Adígbẹ̀ l'Abẹ́òkúta, kó ní ẹ bá mi tọ́ ọ. Níbí, adájọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ò ní ilé tó fẹ́ ẹ, ọmọ á jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ DCFS, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo ọmọdé, ẹ ó wá máa bẹ̀bẹ̀ láti gba ọmọ tẹ́ ẹ bí. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín wákàtí 40 tí wọ́n mú un, wọn kì í ka Sátidé, Sọ́ńdè àti họlidé mọ́ ọn, ìyẹn ti kọjá fún yín. Tí wọ́n bá ṣì tì í mọ́bẹ̀, òfin Illinois ní kí ẹjọ́ fúnra ẹ̀ wáyé láàárín 30 ọjọ́, ó ní ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ sún un síwájú. Ní gbogbo ìgbà tó bá tún bọ́ síwájú adájọ́, ẹ wà níbẹ̀, ẹ múra, kẹ́ ẹ ní ètò lọ́wọ́: ẹni tó máa wà nílé tó bá ti iléèwé dé, aago tó máa sùn, iléèwé tó ń padà sí.

Iléèwé tó ń padà sí yẹn gan-an ni mo ti ń bọ̀ láti ẹ̀kan. Inú àhámọ́, ọmọ ò lè sọnù, ìjáde ló ń sọ wọ́n nù. Mo ní ọmọ kan nígbà tí mo ń kọ́ni, ó lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ó parí ìdajì kírẹ́díìtì (ohun tí ọmọ ń kó jọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó tó lè parí iléèwé) nínú algebra, ìdajì nínú Gẹ̀ẹ́sì, inú ẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ìyá òun. Ó jáde ní Wẹ́sìdeè. Iléèwé tó ti wá ní àwọn ò rí ìwé kankan gbà, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n gbà á, wọ́n wá dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ algebra tó ti ṣe. Ọdún Kérésì ò tíì dé tó ti fi iléèwé sílẹ̀. Ìwé ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì kan látọjọ́ yìí wá, kò séèyàn tó fi ránṣẹ́, kò sì séèyàn tó bi wọ́n. Nígbà yẹn ni mo fi kíláàsì sílẹ̀ bọ́ sídìí ìwé.

Nítorí náà ẹ má dúró dọjọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, wọ́n lè dá a sílẹ̀ láago méje alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má sì rántí iléèwé. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ pe iléèwé inú àhámọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ bá ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń jáde sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé kírẹ́díìtì wo lọmọ mi ń ṣe lọ́wọ́, ṣé ó bá èyí tó ń ṣe níta mu, tó bá jáde kó tó parí, ṣé ẹ máa kọ iye wákàtí tó ti jókòó fún un? Òfin iléèwé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gba owó irú iléèwé yìí gbọ́dọ̀ ní ètò tí kírẹ́díìtì á fi tẹ̀ lé ọmọ àti tí wọ́n á fi tètè gbà á wọlé padà, ẹ lè dárúkọ ẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ẹ pe kanselọ̀ iléèwé tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ ní ọmọ mi ń padà bọ̀, ẹ ṣe àyè ẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ibẹ̀ ò dáa fún un mọ́, pé kó lọ alternative school, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sáìn ín, ẹ ó rí i pé ohùn wọn á yí padà. Wọn ò lè lé e torí pé ó ti àhámọ́ dé nìkan.

Ọjọ́ tó bá jáde, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè transcript ẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ tó ṣe àti máàkì ẹ̀ sí, èyí tí kírẹ́díìtì ìdajì wà nínú ẹ̀, ẹ má gbà fún wọn pé a máa fi ránṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́ yín láti iléèwé àtijọ́, mo máa gbé méjèèjì síwájú ara wọn, ma sì sọ èyí tí wọ́n jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ fún yín.